Àdúrà àti abẹ́rẹ́: ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ lọ ṣe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà míṣọ́nnárì máa ń bi mí ní Abẹ́òkúta

Ọdún 6 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn míṣọ̀n kékeré kan lórílẹ̀-èdè Niger kí n tó padà wálé sí Abẹ́òkúta. Láti ìgbà tí mo ti dé, bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa bá ti ní òun fẹ́ lọ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí: dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí háúsìjọ́ọ̀bù, nọ́ọ̀sì tó ti ẹnu iṣẹ́ ní Ìdí-Àbà wá pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní Chad lòun ń lọ, tí ìyá sì fẹ́ mọ ẹni tó ṣe ọmọ òun bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n sábà máa ń bi mí, mo bá jókòó, mo kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Àwọn kan gùn, àwọn kan ò ju ìlà mélòó kan lọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú mi ni.

Bí èèyàn bá mọ àdúrà gbà, kí ló tún fẹ́ fi oògùn ṣe?

Ọkọ̀ ojú omi ni mo fi máa ń dáhùn èyí. Lọ́dún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gòkè odò Ọya. Àwọn míṣọ́nnárì wà lára àwọn tó wọ̀ ọ́, Àjàyí Crowther sì wà nínú wọn. Wọ́n ń ṣe ìsìn nínú ọkọ̀. Ibà wọlé tọ̀ wọ́n. Nínú òyìnbó 145 tó bá ìrìn àjò náà lọ, nǹkan bí 130 ni ibà dá dùbúlẹ̀, àwọn tó kú lé ní 40.

Lọ́dún 1854, ọkọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Pleiad tún gba odò kan náà gòkè. Dókítà William Baikie ló ṣáájú wọn, Crowther tún wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ojoojúmọ́ ni àwọn òyìnbó ń mu kuníìnì, wọn ò dúró kí ibà kọ́kọ́ mú wọn. Ibà ò pa ẹnì kankan.

Odò kan náà ni o. Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ké pè. Èèpo igi láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ṣe kuníìnì, òun ló wà nínú ọkọ̀ kejì lójoojúmọ́. Crowther ò sì torí kuníìnì fi àdúrà sílẹ̀: ọdún 10 lẹ́yìn ìrìn àjò kejì yìí ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá tún fẹ́ ẹ̀rí látinú Bíbélì, kó ka ìtàn ọba Hesekáyà. Ọba sunkún, ó gbàdúrà, Ọlọ́run ní òun ti gbọ́. Síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n mú ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n sì fi lé oówo náà.

Àmọ́ àwọn baba wa nínú ìjọ Aládùúrà ò lo oògùn. Ṣé wọ́n ṣàṣìṣe ni?

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni màá fi dáhùn èyí, torí ọmọ ọmọ wọn ni mí. Ọmọ ìjọ CAC (Christ Apostolic Church), ọ̀kan lára àwọn ìjọ Aládùúrà, ni ìyá mi àgbà, omi àdúrà ni wọ́n fi tọ́ wa.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influẹ́ńsà dé ilẹ̀ wa lọ́dún 1918, kò sí ohun gidi kan tí dókítà òyìnbó lè ṣe sí i. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, kò sì sí oògùn fún àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó máa ń tẹ̀ lé e. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn èèyàn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's kó ara wọn jọ, wọ́n ń gbàdúrà. Ibi tí ọwọ́ ìṣègùn ò tó ni ìgbàgbọ́ wọn ti hù. Ẹni tó lè ra oògùn ibà ní Pánsẹ́kẹ́ láago 9 alẹ́ ò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń lọ sókè òkun rántí. Lọ́dún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Apostolic ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn tiwa rí i pé àwọn àlejò tó ń wàásù ìwòsàn àtọ̀runwá yìí ń mu kuníìnì. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ó sì wà lára ohun tó tú wọn ká kí CAC tó dá dúró.

Lórí kuníìnì, mi ò sí lẹ́yìn àwọn baba wa. Lórí ìbínú wọn, mo wà lẹ́yìn wọn gbágbáágbá. Ẹni tó ń sọ ọ̀kan lórí pẹpẹ tó ń gbé òmíràn mì ní yàrá, àdúrà àti oògùn ló bà jẹ́ pa pọ̀ lójú àwọn tó ń wò ó. Ohun tí ẹ bá máa mu, ẹ mu ún ní gbangba. Ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, ìyá mi àgbà ló kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé mi lórí. Wọ́n ní kí Ọlọ́run máa bá mi gún abẹ́rẹ́ náà.

Kí ló kan Abẹ́òkúta nínú ọ̀rọ̀ míṣọ́nnárì oníṣègùn?

Ó kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Kó tó pé ogún ọdún tí Townsend àti Crowther tẹ̀dó sí Aké, dókítà CMS (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà) kan, Harrison, ti ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ìmọ̀ ìṣègùn nílùú yìí. Nathaniel King wà lára wọn, òun ló padà di dókítà gidi lẹ́yìn tó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland. Lọ́dún 1895, Fadá Coquard, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò. Ilé ìwòsàn náà ṣì ń gba aláìsàn lónìí. Ẹ wo orúkọ rẹ̀: inú ìfọkànsìn àwọn Kátólíìkì sí Ọkàn Mímọ́ Jésù ni wọ́n ti mú un. Nígbàkígbà tí mo bá ń kọjá níwájú géètì yẹn, mo máa ń rò ó pé ìyá arúgbó kan á ti wà lábúlé kan ní Faransé tó ń ka rósárì fún Lántòrò, tí kò lè pe orúkọ ibẹ̀ já.

Ìgbà wo gan-an ni wọ́n ń gbàdúrà nílé ìwòsàn míṣọ̀n?

Ibì kan yàtọ̀ síbì kan. Tiwa, aago 7 àárọ̀ ni. Ìṣẹ́jú 20 péré: orin kan ní èdè Haúsá, ẹsẹ Bíbélì, orúkọ àwọn tí ara wọn ò yá jù ní wọ́ọ̀dù, ó parí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ ọ́ di ìsọ́ òru, ọ̀gá wa á wúkọ́.

A tún máa ń gbàdúrà ní tíátà kí ọ̀bẹ tó kan ara. Ìyẹn ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. A ti fọ ọwọ́, a ti wọ ìbọ̀wọ́, a ò sì gbọ́dọ̀ fi kan nǹkankan mọ́, torí náà gbogbo wa á gbé ọwọ́ sókè níwájú àyà. Ẹni tí kò bá mọ̀dí ẹ̀ á rò pé ìyìn là ń fún Olúwa.

Èyí tó pọ̀ jù ò ní àkókò kankan. Ìdí bẹ́ẹ̀dì ni, orí ọ̀kadà ni, ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́ ni. Bí mo bá ní kí n ka àdúrà tí mo gbà jù lọ láàárín ọdún 6 yẹn, kì í ṣe ti ìsọjí, kì í ṣe ti ìgbàlà orílẹ̀-èdè. "Olúwa, jẹ́ kí n rí iṣan yìí" ni. Ọmọ tó ti yàgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ mẹ́ta, apá rẹ̀ rí bí igi ìṣáná, iṣan tí a fẹ́ gún abẹ́rẹ́ sí ti sá pamọ́, ìyá rẹ̀ ń wò yín lójú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọjọ́ kan, torí òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí. Mi ò tíì lò tó oṣù kan níbẹ̀. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà gbé obìnrin kan dé, abúlé ló ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo dijú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá ké pe Ẹ̀jẹ̀ Jésù. Tọkàntọkàn ni o. Agbẹ̀bí àgbà kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ fi ìgúnpá tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Lajú. Ọwọ́ ni kí o fi gbàdúrà." Ó gbé ọwọ́ lé ilé ọmọ obìnrin náà, ó ń fọwọ́ ra á lórí ikùn kó lè sún kì, ó ní kí n gún abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń mú ilé ọmọ sún kì, kí n fa omi sí i lára. Láàárín wákàtí 2, irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti lè pa ìyá ọmọ. Mo ti fi ìṣẹ́jú mélòó kan ṣòfò nínú rẹ̀.

Obìnrin náà yè. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ agbẹ̀bí náà. Ó ní òun náà ń gbàdúrà ní gbogbo ìgbà tí òun fi ń tì mí. Láti ọjọ́ náà, mi ò dijú nídìí aláìsàn mọ́. Wọ́n máa ń bi mí ní ìjọ nílé pé kí ló dé tí mo máa ń lajú bí wọ́n bá ń gbàdúrà. Ẹ̀yin tó bá ka èyí ti mọ̀dí ẹ̀ báyìí.

Ṣé ó yẹ ká gbàdúrà fún aláìsàn tí kì í ṣe Kristẹni?

Bó bá gbà. Ẹ bi í kọ́kọ́, kí ẹ sì bi í lọ́nà tí yóò fi rọrùn fún un láti kọ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀, tí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ yín, kò lè tètè sọ pé rárá. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kìlọ̀ pé dókítà ò gbọ́dọ̀ gbé ìgbàgbọ́ tirẹ̀ kalẹ̀ fún aláìsàn lọ́nà tó máa lo àìlera rẹ̀. Bó bá ní òun ò fẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ wo egbò rẹ̀ bí ẹ ṣe máa wo ti àlùfáà yín.

Mùsùlùmí ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo tọ́jú, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń gbà. Bíbélì Haúsá náà ń pe Ọlọ́run ní Allah, nítorí náà ọ̀rọ̀ wa kì í ṣàjèjì sí wọn. Àwa Ẹ̀gbá, tó jẹ́ pé Ìléyá àti Kérésìmesì la jọ ń jẹ nílé kan náà, ṣe ló yẹ kí èyí rọ̀ wá lọ́rùn ju àwọn míì lọ. Ọ̀rọ̀ náà "àdúrà" gan-an, láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wọ èdè wa. Àwọn Mùsùlùmí ló kọ́kọ́ ń lò ó kí Bíbélì tó dé.

Bí a bá gbàdúrà tí aláìsàn sì kú ńkọ́?

Á ṣẹlẹ̀. Ní àsìkò òjò, nígbà tí ibà bá ń mú ẹ̀jẹ̀ tán lára àwọn ọmọdé, á ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ má sọ fún òbí pé ìgbàgbọ́ wọn ò tó. Ẹ má sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn ọmọ náà ju wọ́n lọ. Pọ́ọ̀lù tí aṣọ ara rẹ̀ ń wo aláìsàn sàn fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn, kò sì wá àlàyé kankan sí i. Sáàmù 88 wà nínú Bíbélì láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú òkùnkùn ló sì parí sí. Ẹ lè kà á lóhùn rara nínú ìsìn àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwa kà á.

Nílé níbí, a máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Mi ò jẹ́ sọ ọ́ fún ìyá kankan mọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀. Omi tó dànù yẹn ní orúkọ. Mo máa ń jókòó tì í ni. Bó bá fẹ́ kí n gbàdúrà, á sọ.

Kí ẹ tún ṣe ohun kan tí kò jọ àdúrà: ẹ lọ wo káàdì aláìsàn náà pẹ̀lú dókítà, kí ẹ wádìí bóyá ohun kan wà tí ẹ lè ti ṣe lọ́nà mìíràn. "Ìfẹ́ Ọlọ́run ni" ti bo àṣìṣe púpọ̀ mọ́lẹ̀ láwọn ibi tí ìwọ̀n oògùn ò pé.

Ṣé ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé àdúrà ń wo àìsàn sàn?

Àwọn dókítà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bi mí léyìí, wọ́n á sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í kí pásítọ̀ má baà gbọ́. Èyí tó tóbi jù tí mo mọ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006. Herbert Benson ló darí rẹ̀: aláìsàn 1,802 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún ní ilé ìwòsàn 6. Láàárín àwọn tí kò mọ̀ bóyá wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn, ìyàtọ̀ ò sí nínú ẹni tí wọ́n gbà á fún àti ẹni tí wọn ò gbà á fún. Àwọn tí wọ́n sọ fún gbangba pé "à ń gbàdúrà fún yín" tiẹ̀ ní wàhálà díẹ̀ jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: 59 nínú 100, nígbà tí ti àwọn tí wọ́n ń gbàdúrà fún láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ jẹ́ 52.

Mi ò fi í pamọ́ fún wọn. Àwọn àjèjì ni wọ́n fún ní orúkọ aláìsàn láti gbàdúrà lé lórí, ìyẹn sì yàtọ̀ sí ìyá tó sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀. Àmọ́ mi ò ní sọ pé òṣùwọ̀n míì wà tó gbè mí. Ohun tí mo mú nínú rẹ̀ ni ti àwọn 59 yẹn. Ẹ̀gbá ni mí, ó yé mi: bí wọ́n bá ti pe pásítọ̀ wá sí bẹ́ẹ̀dì bàbá kan ní Abẹ́òkúta, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé ó ti burú tó yẹn ni?" Ẹ rọra.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ìpè ni, tàbí japa ni mo gbé aṣọ àdúrà wọ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ japa, kó japa, kó sì máa fi owó ránṣẹ́ sílé. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tí owó wọn le nìkan ni Ẹ̀mí ń darí yín sí, ẹ tún gbàdúrà lórí rẹ̀.

Ní Áńtíókù, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 13, àwọn tó pọ̀ ló ń gbààwẹ̀ nígbà tí Ẹ̀mí Mímọ́ ní kí wọ́n ya Bánábà àti Sọ́ọ̀lù sọ́tọ̀. Kì í ṣe àwọn méjèèjì nìkan ló gbọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni ẹ gbọ́ tiyín, ẹ ní sùúrù. Ẹ bi ìyàwó tàbí ọkọ yín, ẹ bi mátíróònù tí ẹ jọ ń jà níbi iṣẹ́. Òun mọ ìwà yín ju olórí ẹgbẹ́ akọrin lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ lo oṣù 3 níbẹ̀ ná.

Ṣé kí míṣọ́nnárì má béèrè owó, kó kàn máa gbàdúrà?

Orúkọ Hudson Taylor, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ sí China, ni wọ́n máa ń fi gbe èyí lẹ́sẹ̀. Òun náà kọ́ ìṣègùn, òun ló sì dá China Inland Mission sílẹ̀ lọ́dún 1865 lẹ́yìn tó gbàdúrà ní etíkun Brighton fún òṣìṣẹ́ 24. Òótọ́ ni pé kì í gbé igbá káàkiri. Àmọ́ ó ń kọ̀wé, ó ń rìn káàkiri láti sọ ìtàn China fún àwọn ìjọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ wà. Ìjọ tó bá ṣèlérí owó oṣooṣù, tó dákẹ́ ní oṣù kẹrin, tó wá ń sọ pé "à ń fi yín sínú àdúrà," ó mọ ohun tó ń ṣe.

Àwa tí a wà nílé, kí la máa gbàdúrà fún gan-an?

Ẹ má gba àdúrà "Olúwa, bùkún àwọn míṣọ́nnárì níbi gbogbo" kí ẹ sì jókòó. Lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó máa yà yín lẹ́nu ohun tí wọ́n máa kọ: dísẹ́ẹ̀lì tó ti tán, ọ̀rọ̀ tí òun àti nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sọ tí kò tíì tán nínú, èdè tí kò wọlé, ọmọ tó ń béèrè ìyá àgbà.

Ìtàn kan wà tí àwọn ọmọ Sunday school wa fẹ́ràn. Dókítà Helen Roseveare, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ ṣiṣẹ́ ní Kóńgò lọ́dún 1953. Lálẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan kú nígbà ìbímọ, ó fi ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé sílẹ̀, rọ́bà omi gbígbóná tí wọ́n fẹ́ fi mú ara ọmọ náà móoru sì bẹ́. Ọmọdébìnrin kan nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí, Ruth, gbàdúrà lọ́jọ́ kejì pé kí Ọlọ́run fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kó sì fi bèbí kún un fún ẹ̀gbọ́n ọmọ náà. Dókítà ò lè ṣe "àmín" dáadáa. Lọ́sàn-án yẹn, páálí kan dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: rọ́bà náà wà nínú rẹ̀, bèbí náà wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọjá nínú ìtàn yìí ni èmi máa ń dúró sí. Oṣù 5 ṣáájú ni wọ́n ti di páálí yẹn. Ẹnì kan jókòó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó mú rọ́bà omi gbígbóná, ó dì í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ tí oòrùn ti ń ran. Àwọn ará ilé rẹ̀ á ti fi í rẹ́rìn-ín. Èmi ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa.

Ọ̀rọ̀ kan lórí WhatsApp: ẹ má gbé fọ́tò aláìsàn tàbí orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù sórí gúrúùpù. Láwọn ibì kan, ìyẹn lè gba ẹ̀mí. Níbi gbogbo, ó ń tú àṣírí ẹni tó fọkàn tán nọ́ọ̀sì.

Bí ẹni tó lọ kò bá lè gbàdúrà mọ́ ńkọ́?

Ó ṣe mí ní ọdún kẹta. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mo máa ń ṣí ìwé orin ìyá mi, màá ka orin náà láì kọ ọ́, ìyẹn nìkan ni mo lè ṣe. Nígbà tí Èlíjà ní kí òun kú, áńgẹ́lì ò kọ́kọ́ bá a wí. Oúnjẹ ló gbé fún un, ó sì jẹ́ kó sùn, ó tún gbé oúnjẹ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Torí náà ẹ sùn. Ẹ gba ìsinmi yín pé pérépéré.

Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ lọ rí dókítà. Ibi tí mo ń lọ nìyí: ní Abẹ́òkúta, "wọn ò bá gbé e lọ sí Árò," ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ wa, ti di èébú lẹ́nu wa. Ó yẹ kí ojú tì wá. Ní Árò yìí ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1954 sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí ayé fi wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Míṣọ́nnárì tó bá padà dé tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, ẹ má sáré gbé e gun orí òkè. Ẹ bá a lọ sí Árò, kí ẹ máa gbàdúrà nínú mọ́tò.

Kí ni kí n dì sínú ẹrù?

Bíbélì àti ìwé orin tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, torí iná ò ní máa wà. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́rí, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè. Gàrí Ìjẹ̀bú. Ìwé kékeré kan tí ẹ máa kọ orúkọ àwọn aláìsàn sí, orúkọ àkọ́kọ́ nìkan. Àti oògùn ibà, ẹ má tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Òkè ni kí ẹ gbé e sí, níbi tí ojú gbogbo èèyàn ti lè rí i.